Mo Wá Dúpẹ́ Pé Nǹkan Oṣù Mi Padà Dé

Ògo ni fún Ẹni tó dá inú, tó sì mọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀! Ẹ bá mi kígbe ògo! Ẹ̀yin ará tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mi ò gbọ́ ohùn yín. Ògo!

Ẹ ṣé. Ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀.

Bùkọ́lá ni orúkọ mi. Ọmọ Oǹdó ni mí, ará Ọ̀wọ̀ ni Ṣẹ́gun ọkọ mi, Àkúrẹ́ níbí la sì ń gbé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀dà. Ọmọ tí ẹ rí lẹ́yìn ìyá mi yẹn, Olúwayọmí ni orúkọ rẹ̀, èmi ni mo bí i. Mo rí i pé àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́ nítorí rẹ̀. Ẹ dúró ná. Màá dúpẹ́ nítorí ọmọ, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúpẹ́ fún. Mo wá dúpẹ́ pé mo rí nǹkan oṣù mi.

Ẹ ti dákẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa dákẹ́. Bàbá wa Olùṣọ́-àgùntàn ti tẹjú mọ́ Bíbélì. Ẹ má mikàn, sà, mi ò ní sọ ju bó ti yẹ lọ.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège. Ó lè wá lóṣù yìí, kó má wá mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Inú mi tilẹ̀ máa ń dùn nígbà náà, torí àwọn ẹgbẹ́ mi á di ikùn mú lórí ibùsùn, èmi á máa sáré kiri. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ohun kan ló ń ṣe mí. Lẹ́yìn náà ni irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní àgbọ̀n mi. Ìyá mi rí i lọ́jọ́ kan tí mò ń bọ́jú. Ó wọ yàrá lọ, ó mú ẹ̀mú kékeré kan jáde, ó ní kí n máa fi tu irun náà láràárọ̀ kí n tó jáde. Mi ò bi í pé kí ni òun alára ń fi ẹ̀mú ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ìyá mi. Èmi nìkan ló bí. Ìborí kì í kúrò lórí rẹ̀, abẹ́ àgbọ̀n ló sì máa ń ta kókó rẹ̀ sí, lójò lẹ́ẹ̀rùn. Àwọn ará àdúgbò wa ní Oǹdó ń pè é ní Ìyá Oníborí. Mo rò pé bó ṣe fẹ́ràn láti máa múra ni, torí bí mo ṣe bá a láyé nìyẹn.

Mo délé ọkọ. Kò pẹ́, nǹkan oṣù ò wá. Oṣù kejì, kò wá. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ohun tí ìyàwó tuntun máa rò. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, ó kígbe ayọ̀ débi pé mo ní láti gbé fóònù jìnnà sétí. Nínú ilé tiwa, bí ọmọbìnrin bá ti lóyún, oúnjẹ ìyá rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa jẹ. Bí iyán ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀lú Àkúrẹ́ nìyẹn. Iyán Oǹdó ni o, ẹ̀yin ará! Ìyá mi á gún un láàárọ̀ Sátidé, á dì í sínú kúlà pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, á gbé e fún dírẹ́bà ní gáréèjì Oǹdó, èmi á sì lọ gbà á ní gáréèjì níbí. Bí àwọn dírẹ́bà bá ti rí mi lókèèrè, wọ́n á ní, "Ìyàwó oníyán, ẹrù yín ti dé, ó ṣì ń gbóná."

Ìyá mi á pè mí. Á ní, "Ṣé o jẹ ẹ́ tán?"

Màá ní, "Màmá, ó ti pọ̀ jù."

Á ní, "Ẹni méjì lò ń jẹun fún. Jẹ ẹ́ tán."

Mo lọ ṣe àyẹ̀wò oyún. Nọ́ọ̀sì ní kò sí oyún. Mo sọ fún ìyá mi, ó ní ẹ̀rọ wọn ni kò ríran, pé oyún mìíràn máa ń fara pamọ́. Mo sọ fún Ìyá Ẹgbẹ́ wa nínú ìjọ yìí, àwọn náà sọ ohun kan náà. Màmá, ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ má wo ilẹ̀. Ìfẹ́ lẹ fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ẹ fi orúkọ mi kún àwọn tó ń bọ̀ ní ìpàdé aláboyún ní Ọjọ́rú, ẹ fi òróró sí mi lórí, ẹ ní kí àwọn tó kù dìde fún mi kí n jókòó. Ikùn mi sì ń yọ. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣiyèméjì. Iyán ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin ará, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀?

Ìpàdé aláboyún yẹn náà ni mo wà, lórí bẹ́ǹṣì, láàárín àwọn aláboyún, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dé. Ó dé bí ìgbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀. Wọ́n fi aṣọ yí mi ká, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń pe orúkọ Jésù. Gbogbo wa gbà pé oyún ló bàjẹ́. Ọkọ mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi nílé. Mo ṣọ̀fọ̀ ọmọ tí kò fìgbà kankan wà níbẹ̀, ìbànújẹ́ náà sì dùn mí bí ẹni pé mo ti gbé e lọ́wọ́ rí.

Ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Nǹkan oṣù á lọ, iyán á dé, ikùn á yọ, ẹ̀jẹ̀ á sì dà. Mo wá ń sanra, irun àgbọ̀n mi ń le sí i, mò ń tu ú láàárọ̀, mò ń fi pọ́dà bo ojú rẹ̀. Ọdún sì ń gorí ọdún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù nìyí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá kí wa láti Ọ̀wọ̀ lákòókò tí ìyá mi wá wò mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi ń bọ́jú lẹ́yìnkùlé, ó ti tú ìborí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣí ilẹ̀kùn, ó rí i. Ó dúró títí ìyá mi fi padà sí Oǹdó. Nígbà náà ló wá pe èmi àti ọkọ mi jókòó.

Ó ní, "Bùkọ́lá, ṣé o mọ̀ pé ìyá rẹ ní irùngbọ̀n?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó ní, "Irùngbọ̀n gidi, bíi ti ọkùnrin. O mọ ohun tí wọ́n ń pe obìnrin tó bá ní irùngbọ̀n nílẹ̀ wa. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ìwọ, oyún rẹ ò dúró. Oúnjẹ ta ni ò ń jẹ láti ìgbà tí o ti délé ọkọ? Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fi ọpọlọ rò ó."

Ẹ̀yin ará, ó fẹ́ kí n gbà pé ìyá mi ni àjẹ́, pé ìyá mi ló ń gba inú iyán jẹ ọmọ mi. Ó ní bí mo bá fẹ́ bímọ, kí n má jẹ́ kí ìyá mi tẹ ilé wa mọ́. Nígbà tí kúlà dé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé e sórí tábìlì, mo ń wò ó. Mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò sì lè dà á nù. Mo gbórí lé ọmọrí rẹ̀, mo sunkún.

Ọlọ́run bùkún ọkọ mi. Ṣẹ́gun, dìde kí wọ́n rí ẹ. Ọkùnrin yìí fa àga sún mọ́ mi, ó ní, "Bùkọ́, a ti gbọ́ tẹni tó ní ẹ̀rọ ò ríran, a ti gbọ́ tẹni tó rí irùngbọ̀n. Kò sẹ́ni tó tíì wo inú rẹ gan-an. Jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ dókítà obìnrin, kí wọ́n wò ó."

Bí a ṣe dé ilé ìwòsàn kan níbí nìyẹn. Ọmọdé obìnrin ni dókítà náà, kò lè jù mí lọ púpọ̀, ó sì ní sùúrù. Ó bi mí nípa nǹkan oṣù mi láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo àgbọ̀n mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ máa ń tu irun níbí ni?" Ojú tì mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n má tijú, òun kàn ń wá ohun tó ń fa ìṣòro mi ni. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní kí ọkọ mi náà lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ síkáànù wo inú mi.

Nígbà tí gbogbo èsì pé, ó pe àwa méjèèjì, ó yí ojú ẹ̀rọ sí wa. Mo rí àwọn nǹkan róbótó-róbótó dúdú, wọ́n tò yípo bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọmọdé. Mo ní, "Ìwọ̀nyí ló ń jẹ ọmọ mi?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Rárá, mà. Àwọn àpò kéékèèké tí ẹyin yín wà nínú wọn nìyẹn. Lóṣooṣù, ó yẹ kí ẹyin kan gbó, kó jáde. Tiyín, púpọ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í gbó débi tí wọ́n fi máa jáde. Bí ẹyin ò bá jáde, nǹkan oṣù ò ní wá bó ṣe yẹ. Awọ inú ilé ọmọ á wá máa nípọn, títí tí yóò fi já dà lójijì. Kò sí oyún kankan tó bàjẹ́ lára yín."

Ó ní orúkọ àìsàn náà gùn, pé PCOS ni àwọn ń pè é ní kúkúrú, pé àìmọye obìnrin ló ní i, ì báà jẹ́ ẹni tó sanra tàbí ẹni tó tínrín. Ọkọ mi béèrè ohun tó ń fà á. Dókítà ní kí òun má purọ́, àwọn oníṣègùn ò tíì mọ gbogbo ìdí rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó máa ń rìn nínú ẹbí. Ó ní nínú ara ọ̀pọ̀ àwọn tó ní i, ara kì í gbọ́ràn sí ínsúlíìnì lẹ́nu dáadáa, ìyẹn ohun tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ara á wá máa tú u jáde ní àpọ̀jù, àpọ̀jù yẹn á sì mú kí àpò ẹyin máa ṣe họ́móònù tí ọkùnrin fi ń hu irùngbọ̀n ju bó ti yẹ lọ. Gbogbo obìnrin ló ní díẹ̀ nínú rẹ̀, tèmi ló pọ̀ jù. Ó wá bi mí bóyá ìyá mi tàbí àbúrò ìyá mi kan ní irú irun báyìí, tàbí ó pẹ́ kó tó bímọ.

Mo rántí ẹ̀mú. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fún mi ní ẹ̀mú yẹn, ohun tirẹ̀ ló fún mi lò.

Dókítà tún sọ ohun kan tí mo ń rò títí dòní. Mo bi í bóyá ẹyin mi ti tán, torí ọjọ́ orí ń lọ. Ó ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀, mà. Kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bí yín ni ẹ ní in. Inú ìyá yín lẹ ṣì wà tí gbogbo ẹyin yín ti pé sínú yín." Ẹ̀yin ará, mo di ọwọ́ àga mú. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí nínú yàrá yẹn ju bó ṣe bà mí nínú ìṣọ́ òru kankan lọ. Irú iṣẹ́ ọwọ́ wo nìyí? Ògo ni fún orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Ó ní àwọn kì í mú àìsàn náà kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n lè ká a lọ́wọ́ kò. Ó ní kí n máa rìn dáadáa, kí n dín ara kù díẹ̀, kí n sì dín iyán kù gan-an. Èmi àti ọkọ mi wo ara wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní oúnjẹ ìyá mi ló ń ṣe mí, dókítà náà ní kí n dín in kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe jìnnà síra wọn! Ẹnì kan ní ìkórìíra ló wà nínú kúlà yẹn. Ọ̀rọ̀ dókítà jẹ́ kí n rí i pé ìfẹ́ ló wà níbẹ̀, ó kàn pọ̀ ju ohun tí ara mi lè gbé lọ.

A lọ sí Oǹdó. Ìyá mi ti gbé odó síta kó tó rí wa. Mo mú ẹ̀mú náà jáde nínú báàgì, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni èyí tẹ́lẹ̀?"

Ó jókòó sórí àpótí, ó tú kókó abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Irun ibẹ̀ ti funfun. Oǹdó pọ́ńbélé ló fi sọ̀rọ̀, àmọ́ bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, àwọn ará Ìkàrẹ́ inú ìjọ yìí á ní kí n tún un sọ. Ó ní, "Ó pẹ́ kí n tó bí ọ. Nǹkan oṣù mi kì í wá. Nígbà tí irun yìí hù, àwọn ará ilé bàbá rẹ ò gba omi lọ́wọ́ mi mọ́. Wọ́n ní èmi ni mò ń jẹ ọmọ ara mi. Mi ò rí oúnjẹ tó dáa jẹ nígbà yẹn, mo sì rò pé ebi ló ń lé ọmọ kúrò nínú mi. Ìdí tí mo fi ń gún iyán fún ọ nìyẹn, kí ebi má lé tìrẹ."

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tí dókítà wí fún un. Ó gbọ́ ọ títí dópin.

Ó ní, "Ṣé àìsàn ni?"

Mo ní, "Àìsàn ni, Màmá."

Ó ní, "Kì í ṣe èmi?"

Mo ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin. Kò fìgbà kankan jẹ́ ẹ̀yin." Ó bú sẹ́kún. Bàbá mi ti kú kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ló dùn mí jù.

A bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Kúlà ò dúró o! Ìyá mi ní òun ò lè ṣíwọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja ló ń dé báyìí, pẹ̀lú òkèlè iyán kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dírẹ́bà ní, "Ìyàwó oníyán, ẹrù yín ti fúyẹ́, ṣé kò sí nǹkan?" Mò ń sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí kí n tó dé iléèwé, mò ń fẹsẹ̀ rin èyí tó kù ní títì Ọ̀dà. Oògùn tí wọ́n fún mi nítorí ínsúlíìnì yẹn kọ́kọ́ ń da inú mi rú, mo fẹ́ dáwọ́ dúró, dókítà ní kí n máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ. Inú rírú náà sì rọlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan níléèwé, lákòókò ìsinmi, mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo rí nǹkan oṣù mi. Ó wá jẹ́ẹ́jẹ́ bíi ti àwọn obìnrin yòókù. Lóṣù kejì, ó tún wá. Mo pe ìyá mi, mo ní, "Màmá, ó ti dé!" Ó ń jó lórí fóònù, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo ti ń gbàdúrà kó má wá ni mo wá ń yọ̀ sí, tí mò ń sọ pé, Olúwa, o ṣeun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní òun ni mo kọ́kọ́ wá dúpẹ́ fún.

Lẹ́yìn náà ni dókítà fún mi ní oògùn tó ń ran ẹyin lọ́wọ́ láti gbó. Ó ṣe síkáànù, ó ní, "Ẹ wò ó, mà. Ẹyọ kan ti yọrí." Oògùn náà kò ṣiṣẹ́ lóṣù àkọ́kọ́, mi ò ní purọ́ fún yín. A tún un ṣe. Nígbà tí nǹkan oṣù ò wá mọ́, mo pe ìyá mi, ìyá tó ní ẹ̀rọ ò ríran tẹ́lẹ̀! Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ẹ̀rọ ti rí i?"

Ẹ̀rọ rí i. Ọlọ́run sọ̀ mí láyọ̀, Olúwayọmí dé. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí Ṣẹ́gun ti ròyìn ọ̀rọ̀ dókítà fún, kúnlẹ̀ fún ìyá mi lójú gbogbo ènìyàn, ìyá mi gbé e dìde. Ó ti parí.

Arábìnrin mi tó jókòó síbẹ̀ tí nǹkan oṣù rẹ kì í wá, ìwọ tó ń tu irun láàárọ̀ kí o tó wá sílé Ọlọ́run, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Máa gbàdúrà, ṣùgbọ́n lọ jẹ́ kí wọ́n wò ọ́. Bí ẹ̀rọ bá ní kò sí oyún, béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Kí o má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irun àgbọ̀n da àárín ìwọ àti ìyá rẹ rú. Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi ń gbọ́ tìrẹ. Mo dúpẹ́, Olúwa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ṣẹ́gun, mo dúpẹ́.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú pẹ̀lú ọmọ yẹn. Ẹ tú kókó abẹ́ àgbọ̀n yẹn, ẹ wé e sẹ́yìn bíi ti àwọn ìyá tó kù. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ tú u.

Ẹ wò wọ́n, ẹ̀yin ará. Ẹ wo ojú wọn dáadáa. Dókítà ní inú ìyá mi ni mo ṣì wà tí gbogbo ẹyin mi ti pé sínú mi. Ẹyin tó di Yọmí wà lára àwọn ẹyin yẹn. Ìyá tí wọ́n ní ó ń jẹ ọmọ mi yìí, òun ló kọ́kọ́ lóyún rẹ̀.